Kíkísítátà Titun Tó Ń Pariwo Nínú Mọ́tò Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ti ogún pínpín tí ẹ fi mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ìyá wa má tìtorí èyí ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí ariwo tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kí ó ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́ ládùúgbò wa. Ilé tí mọ́tò àgbà bá sì wà, irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rò.

Kíkísítátà ni mo ń wí. Orúkọ tí gbogbo mẹkáníìkì àti ríwáyà ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n sí nìyẹn, èmi náà yóò sì pè é bẹ́ẹ̀. Òun ni ẹ̀rọ tí ń jí ẹ́ńjìnnì lójú oorun nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí mọ́tò kọ́kọ́ dé ayé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jí i: ẹnìkan yóò dúró níwájú ọkọ̀, yóò ki irin kan tó tẹ̀ bọ inú ẹ́ńjìnnì, yóò sì máa fi gbogbo agbára yí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, irin náà a máa ṣẹ́ ènìyàn lọ́wọ́. Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe ẹ̀rọ oníná tó gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ìyà yìí, ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912 ni wọ́n sì fi í sí. Àwọn bàbá wa tó wa ọkọ̀ ẹrù ṣì fi ọwọ́ yí irin tiwọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹ bi àwọn àgbà tó mọ̀ nípa rẹ̀. Wọn yóò fi apá hàn yín.

Mọ́sálásí wa ní ọkọ̀ kan, Peugeot 504 ẹlẹ́yìn gígùn, irú èyí tí àwọn awakọ̀ fi ń kó èrò láti ìlú dé ìlú láyé ọjọ́un. Ilẹ̀ Faransé ni 504 ti kọ́kọ́ jáde ní 1968; ní 1975 ni ilé iṣẹ́ tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí tò ó jọ nílẹ̀ wa. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú mi tí ọkọ̀ yìí kò jù lọ. Olóore kan ló fi ṣe sàráà fún wa nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti wà á tẹ́rùn. Òun ló ń gbé Lèmọ́mù wa lọ síbi ìsọmọlórúkọ àti síbi yìgì, òun ló ń bá wa ru omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù ni pé òun ló ń gbé òkú. A ó tẹ àga ẹ̀yìn rẹ̀ lulẹ̀, a ó tẹ́ ẹní, a ó sì gbé òkú sí i lọ sí itẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé àwa kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá lè jí lójú ẹsẹ̀ kò wúlò fún iṣẹ́ yìí.

Nígbà tí kíkísítátà rẹ̀ àtijọ́ kú pátápátá, jámáà dá owó. Owó Jímọ̀ méjì ló bá a lọ. Ọmọkùnrin kan tó ń tún mọ́tò ṣe, tí òun náà ń kírun lọ́dọ̀ wa, ni a kó owó fún pé kí ó ra òmíràn, kí ó sì fi í sí i. Ó mú ìwé ọjà wá fún mi pé titun ni, kì í ṣe tòkunbọ̀. Mo fi ìwé náà sínú fáìlì, nítorí èmi ni mo ń kọ ìwé owó mọ́sálásí. Láti ọjọ́ tí ó ti fi í sí i ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́, ariwo tí ń jáde dà bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ́ páànù òrùlé lórí àpáta: gààrààrààrà! Ẹ́ńjìnnì á jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ọkọ̀ náà ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni. Bí wọ́n bá fẹ́ fi í gbé Lèmọ́mù wá ní ìdájí, ọkọ̀ ni ń kọ́kọ́ pe àdúgbò sí ìrun Asùbáà kí Làdáni tó pè é. Àwọn ọmọdé ti ń fi ẹnu ṣe é kiri.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ kò jẹ́ ẹ̀rín mọ́ ni ọjọ́ Àlàmísì kan tí a lọ gbé òkú ìyá àgbàlagbà kan. A ti gbé ìyá sínú ọkọ̀, Lèmọ́mù ti ṣe àdúrà, àwọn ọmọ olóògbé dúró yí wa ká. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ké. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó ké ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, eyín kò mú eyín rárá, ó kàn ń ha á lásán. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ti ọkọ̀ náà tòun ti òkú títí ó fi jí nísàlẹ̀ òkè. Ọmọbìnrin ìyá náà sún mọ́ mi, ó ní, “Alfa, ṣé ọkọ̀ mìíràn kò sí fún ìyá mi ni?” N kò rí ohun kan fi dá a lóhùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Iṣáì, ìgbìmọ̀ jókòó. Akápò wa kì í fi owó mọ́sálásí ṣeré, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ó ní ọmọ yìí ti jẹ owó: àlòkù ló rà, ó kùn ún lọ́dà, ó sì lọ gba ìwé titun lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ní ọ̀la tí í ṣe Jímọ̀ òun yóò sọ ọ́ lójú gbogbo jámáà, àti pé a kò gbọdọ̀ san owó iṣẹ́ tó kù fún un. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ọ̀kan tilẹ̀ ní kí a ta ọkọ̀ fún àwọn tó ń ra irin jákujàku. Ọmọ náà jókòó sẹ́yìn, ó dorí kodò, ó ń fi ìka ha ẹní. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń gbá mọ́sálásí fún wa ní gbogbo Àlàmísì. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí a pe ènìyàn ní olè níwájú jámáà ní àdúgbò tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn. Kò sí ẹni tí yóò tún gbé mọ́tò fún un títí ayé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tèmi kò pọ̀. Mo ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; a ti gbọ́ ti Akápò, a ti gbọ́ ti ọmọ, a kò tíì gbọ́ ti ọkọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Lèmọ́mù ní kí wọ́n fún mi títí di Àtìní.

Ẹni tí mo tọ̀ lọ ni bàbá kan nísàlẹ̀ àdúgbò wa, tó wa ọkọ̀ ẹrù láti Ìbàdàn dé Kánò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Òun ló kọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọmọ wa níṣẹ́. Mo ròyìn ariwo náà fún un, mo tilẹ̀ ń fi ẹnu ṣe é. Bàbá gbọ́wọ́ sókè.

“Alfa, ẹ má tíì sọ bó ṣe ń dún fún mi. Ìgbà wo ló ń dún?”

Mo ní nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́ ni, Bàbá.

“Ìgbà mẹ́ta ló wà nínú yíyí kọ́kọ́rọ́. Ẹ lọ gbọ́ ọ dáadáa, kí ẹ padà wá.”

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ yìí ló tú gbogbo rẹ̀. Kí ó tó lè yé yín, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ń lọ lábẹ́ ọkọ̀. Iná inú bátìrì ń gba wáyà kan tó nípọn bí ọmọ ìka wọ inú kíkísítátà. Lórí kíkísítátà náà ni àgbá kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní sólénọ́ìdì. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, iná díẹ̀ yóò wọ inú àgbá yìí, yóò di òòfà, yóò sì fa irin kan wọlé. Iṣẹ́ méjì ni fífà yìí ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ti gíà kékeré kan síwájú kí eyín rẹ̀ lè wọ eyín fulaiwíìlì, ìyẹn irin ńlá rìbìtì tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Bí ìyẹn bá sì ti wọlé, ó ń ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá kí inú kíkísítátà lè máa yí. Gíà kékeré yìí ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní Bendix. Orúkọ ènìyàn ni, Vincent Bendix ará Amẹ́ríkà. Èyí tí òun ṣe nígbà náà ń rìn síwájú fúnra rẹ̀ lórí ọ̀pá onílà, bí ìgbà tí nọ́ọ̀tì ń rìn lórí bóòtì. Ti àwọn ọkọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, àmọ́ orúkọ kò kúrò lẹ́nu.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, ewu dé. Ẹ jẹ́ ká ní eyín gíà kékeré jẹ́ 10, kí ti fulaiwíìlì sì jẹ́ 120. Bí fulaiwíìlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, gíà kékeré yóò yí ní ìgbà 12. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ní ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan yóò wá fẹ́ yí gíà kékeré ní ìgbà 12,000. Kíkísítátà wo ló lè fara da ìyẹn? Ìdí rẹ̀ nìyí tí wọ́n fi ṣe ohun kan sínú Bendix tó ń mú níhà kan, tó sì ń yọ̀ níhà kejì, bí ìgbà tí a dẹ́kun wíwa kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń yí lọ ní tirẹ̀. Bí a bá wá ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, sípíríìnì yóò fa gíà náà padà sínú ilé rẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá ń wí, ìṣẹ́jú àáyá tí gíà kékeré ń wọlé ni. Ìgbà kejì ni gbogbo àkókò tó fi ń yí ẹ́ńjìnnì tí ẹ́ńjìnnì kò tíì jí. Ìgbà kẹta ni ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti jí tí ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí kọ́kọ́rọ́. Ariwo kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀, ẹni tí kò bá ya wọ́n sọ́tọ̀ yóò máa ra ohun tí kò nílò.

Bí ẹ bá gbọ́ “tá!” ẹyọ kan, tàbí tá-tá-tá-tá bí ìgbà tí gúgúrú ń ta nínú ìkòkò, tí ẹ́ńjìnnì kò sì mira, ẹ má tíì fọwọ́ kan kíkísítátà. Ẹ wo bátìrì, ẹ wo orí rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, kí ẹ sì wo wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bó bá ń kùn wíìììì bí ẹ̀rọ ìlọta tí kò sí ata nínú rẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì dúró gbọin, gíà kékeré kò wọlé ni, tàbí ohun tó yẹ kó máa mú níhà kan ti ń yọ̀ níhà méjèèjì. Bó bá ń sunkún tín-ín-rín ní ìgbà kejì, tí ẹkún náà sì dá bí ẹ́ńjìnnì ti ń jí, ó ṣeé ṣe kí gíà jìnnà sí fulaiwíìlì jù. Ṣùgbọ́n bó bá dákẹ́ ní ìgbà kejì, tó wá hu ní ìgbà kẹta, ó sún mọ́ ọn jù nìyẹn, tàbí kó jẹ́ pé ó ń lẹ̀, kò fẹ́ padà sílé. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọkọ̀ Chevrolet àtijọ́, wọ́n máa ń fi irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín há àárín kíkísítátà àti ẹ́ńjìnnì láti tún èyí ṣe: bó bá sún mọ́ jù, wọ́n á fi kún un, bó bá jìnnà jù, wọ́n á yọ kúrò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ̀dọ̀ wa kò ní àyè fún irú irin bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lọ gé ike mílíìkì há a láàárín.

Bàbá tún sọ ohun kan tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń ra ọjà mọ̀. Kì í ṣe gbogbo ohùn titun ni àìsàn. Àwọn kíkísítátà kan wà tí wọ́n ṣe kéré, tí wọ́n fi gíà sí inú wọn kí agbára wọn lè pọ̀. Ohùn irú wọn ga ju ti àwọn àtijọ́ ńláńlá lọ. Bí a bá fi irú rẹ̀ rọ́pò ti àtijọ́, ọkọ̀ yóò máa fọhùn bí ọmọdé, kò sì sí ohun tó ṣe é. Tiwa kì í ṣe irú bẹ́ẹ̀. Ariwo tiwa ń ha.

Mo padà lọ gbọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Mo ní kí ọmọ náà yí kọ́kọ́rọ́ nígbà mẹ́fà, kí ó máa sinmi díẹ̀ láàárín, nítorí kò dára kí a máa lọ kíkísítátà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Á gbóná, á sì jó. Mo fi bírò kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà mẹ́rin ó ké ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ìkejì. Nígbà méjì ariwo náà kéré. Ní ìgbà kẹta, bí ọwọ́ ti ń kúrò lórí kọ́kọ́rọ́, kò dún rárá ní gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Nígbà tí mo ka ìwé mi fún Bàbá, ó ní òun yóò wá fúnra òun. Ní Sátidé ni wọ́n gbé àpótí kan sílẹ̀ fún un lábẹ́ igi máńgòrò níbi tí ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti bẹ Akápò pé kó dákun bá wa débẹ̀, ó sì wá, ó di apá mọ́ àyà. Ohun tí Bàbá kọ́kọ́ sọ ni pé kí n lọ bọ́ jálámíà mi bí mo bá fẹ́ sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, torí fáànù kò mọ Alfa yàtọ̀.

Bátìrì ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò. Ríwáyà mú mítà rẹ̀ wá. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, yẹ kó tó nǹkan bíi fóòtì 12.6, tiwa fi 12.5 hàn. Nígbà tí wọ́n ń yí ẹ́ńjìnnì, ó wálẹ̀ sí 10.4. Bí ó bá wálẹ̀ ju nǹkan bíi 9.6 lọ, ọ̀rọ̀ bátìrì ni à bá máa sọ. Ó tún fi mítà náà sáàárín orí bátìrì níhà òdì àti ara ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ ń yí; ohun tó rí kò tó ìdajì fóòtì. Nítorí náà iná kò ní ẹ̀bi.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kàn fulaiwíìlì. Èyí yà mí lẹ́nu púpọ̀ nígbà tí Bàbá ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bíi tiwa, tó ní sílíńdà mẹ́rin, kì í dúró síbi tó bá wù ú nígbà tí a bá pa á. Ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń dá a dúró sí ọ̀kan nínú ibi méjì tó dojú kọ ara wọn. Ibi méjì yẹn ni gíà kékeré ń gún lójoojúmọ́, ọdún dé ọdún, ibẹ̀ ni eyín fulaiwíìlì sì ti ń jẹ. Bí ariwo bá jẹ́ ti eyín tó jẹ nìkan, a ó rí i pé bí a bá yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ariwo yóò lọ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi gíà sí òfìfo, ọmọ náà sì fi sípánà ńlá yí ẹ́ńjìnnì ní ìdá mẹ́rin láti iwájú. Wọ́n tún un jí. Gààrààrà! Bákan náà ni. Akápò wò mí, n kò wò ó.

“Ẹ yọ ọ́,” ni Bàbá wí.

Kí wọ́n tó yọ ọ́, wọ́n kọ́kọ́ tú wáyà òdì kúrò lórí bátìrì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tó fẹ́ràn láti máa tún mọ́tò ara yín ṣe nílé, ẹ má fo èyí: wáyà ńlá tó wà lórí kíkísítátà ní iná nínú nígbà gbogbo, bí kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀ wà lápò yín. Sípánà tó bá kan án, tó sì kan ara ọkọ̀, yóò dáná. Wọ́n sì fi igi ńlá méjì gbé ọkọ̀ dúró, wọn kò fi jáàkì nìkan sílẹ̀.

Nígbà tó jáde, wọ́n gbé e kalẹ̀ lórí àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti kú. A ka eyín gíà méjèèjì: iye kan náà. A fi okùn wọn gíga wọn láti ẹnu títí dé orí gíà: bákan náà. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí kíkísítátà ti ẹ́ńjìnnì mìíràn lè wọ ojú ihò bóòtì láìjẹ́ pé eyín rẹ̀ bá ti fulaiwíìlì mu. Lẹ́yìn náà Bàbá ní kí wọ́n ṣí ìdí méjèèjì. Kábọ̀nù tó wà nínú èyí tó kú ti jẹ tán, ó kù bí èékánná. Ti titun gùn, igun rẹ̀ ṣì mú. Bàbá pe Akápò sún mọ́ ọn, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ kan kábọ̀nù méjèèjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“Ọ̀dà lè parọ́ fún yín, Alàájì. Èyí kò lè parọ́.”

Akápò kò sọ nǹkan kan. Ó tú apá rẹ̀ tó ká mọ́ àyà.

Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ kíkísítátà titun náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ríwáyà sì fi wáyà méjì fún un ní iná. Ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ké, kò gbọ̀n. A wá mọ̀ pé kò sí ariwo nínú rẹ̀. Ibi tí ó dúró sí ni ariwo ti ń wá. Bàbá fi àtàǹpàkò tọ́ eyín gíà rẹ̀ wò, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ríran ju ojú rẹ̀ lọ. Ó ní, “Ìhà kan ṣoṣo ló ń jẹ.” Lóòótọ́, nígbà tí a fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, gbogbo eyín náà ní àmì dídán létí kan, etí kejì sì mọ́ bí ìgbà tó ti inú páálí jáde. Gíà tó bá dúró tààrà yóò jẹ ní gbogbo ojú eyín. Èyí dúró ní wíwọ́.

Wọ́n tanná wo ẹnu ihò tí ó ń wọ̀. Òróró ọdún púpọ̀ àti erùpẹ̀ pupa ti gan mọ́ ibẹ̀ bí èépá. Ọ̀kan nínú àwọn bóòtì kì í ṣe ojúlówó. Ó tín-ín-rín ju ihò rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni irin kan wà tó ń di ìdí kíkísítátà mú mọ́ ara ẹ́ńjìnnì kí ó má baà máa mì. Bàbá pe ọmọ kékeré tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ wa.

“Ìwọ lo dì í?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Èwo lo kọ́kọ́ dì le?”

“Ti ìdí ni, Bàbá. Òun lọ́wọ́ kọ́kọ́ tó.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Bí a bá kọ́kọ́ di ìdí, ìdí yóò fa imú sí ẹ̀gbẹ́. Bóòtì iwájú yóò wá le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu kíkísítátà kò ní jókòó dọ́gba, pàápàá bí èépá bá wà níbẹ̀. Ó tó kí ó ṣí ní ìwọ̀n ìrun orí díẹ̀, eyín yóò sì máa gun eyín. Ó sọ fún wa pé ní ọkọ̀ Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, irú ẹjọ́ yìí tún ní tirẹ̀: búùṣì tí imú ọ̀pá kíkísítátà ń dúró lé kò sí nínú kíkísítátà, inú ilé gíà ọkọ̀ ló wà. Ènìyàn lè ra titun lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí kò bá pààrọ̀ búùṣì tó ti jẹ, ariwo kò ní lọ, yóò sì máa bú ẹni tó tà á fún un.

Iṣẹ́ tó kù kò gba wákàtí méjì. Wọ́n fi ọ̀bẹ àti bẹntiróòlù họ ẹnu ibẹ̀ títí irin fi funfun. Wọ́n wá bóòtì tó bá ihò mu. Wọ́n fi ọwọ́ lásán mú gbogbo rẹ̀ wọlé ná, wọ́n di ti iwájú le ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí ká kí ó lè jókòó dọ́gba, ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni wọ́n tó di ti ìdí, lẹ́yìn tí wọ́n ti tú irin rẹ̀ kí ó lè bá kíkísítátà lọ, kí kíkísítátà má bá a lọ. Wọ́n dá wáyà bátìrì padà. Ọmọ náà wò mí, mo ní kí ó fún Akápò ní kọ́kọ́rọ́.

Akápò jókòó, ó ní Bísímílà, ó yí i. Ẹ́ńjìnnì jí. Ó pa á, ó tún un jí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà méje, mo kà á. Lẹ́ẹ̀kan nínú méje náà ni ohun kan ha díẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kò pẹ́. Bàbá ní ibi méjì tó jẹ lára fulaiwíìlì nìyẹn, òun kò sì ní purọ́ fún wa pé yóò lọ.

Ní Àtìní, níwájú ìgbìmọ̀, mo ka ohun gbogbo bí mo ti kọ ọ́, láti orí fóòtì bátìrì dé orí kábọ̀nù. Akápò ló dìde kí n tó parí. Ó ní kí wọ́n pe ọmọ náà wọlé, ó sì ka owó iṣẹ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ lójú gbogbo wa, ó fi owó tirẹ̀ kún un fún bóòtì. Ọmọ náà ní kí wọ́n yọ owó bóòtì kúrò, nítorí ọmọ ọwọ́ òun ló ṣe é. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, Lèmọ́mù ní kí ó gbà á. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé.

Òrùka eléyín tó wà lára fulaiwíìlì náà ṣì wà bẹ́ẹ̀. Láti pààrọ̀ rẹ̀, a ní láti sọ gbogbo ilé gíà kalẹ̀, owó rẹ̀ kò sì sí nílẹ̀. Kúlọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ náà ti ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí a bá sọ gíà kalẹ̀ nítorí rẹ̀ ni a ó ṣe méjèèjì pọ̀. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ti gbé òkú mẹ́rin, kò sì sí èyí tí a fi ọwọ́ tì.